Ìmọ̀ràn Orí Bẹ́ǹṣì: Èyí Tí A Ó Gbà àti Èyí Tí A Ó Kọ́kọ́ Bi Nọ́ọ̀sì

  Mo kí ẹ̀yin ìyá ìkókó tí ẹ kò rí oorun sùn lóru àná. Mo kí ẹ̀yin bàbá tí ẹ gbé ọmọ káàkiri pálọ̀ kí ìyá rẹ̀ lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Mo sì kí ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ pa ọjà tì, tí ẹ wọkọ̀ lọ bá ọmọ yín wẹ ọmọ. Ẹ kú ìtọ́jú o. Ojú wa kò ní rí ibi lórí àwọn ọmọ wa.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ni, ìyẹn ìmọ̀ràn tí òbí ń fún òbí lórí ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìmọ̀ràn yìí ṣe ń rìn láàárín wa, kó lọ sí ilé ìlera alábọ́dé tó bá wù ú ní àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí aago mẹ́jọ tó lù, bẹ́ǹṣì ti kún. Ìyá kékeré kan jókòó sí ìkángun, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọn itan, ọmọ ò dákẹ́. Ìyá Ìbejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó títí, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìyá ìkókó, ṣé ó ti gùnfẹ̀ látìgbà tó ti mu ọmú?"

"Rárá o, mà. Bó ṣe ń mu ún tán ló ń ké."

"Gbé e lé èjìká. Bẹ́ẹ̀ yẹn kọ́, gbé àyà rẹ̀ sókè díẹ̀. Máa fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Atẹ́gùn ló gbé mì mọ́ ọmú."

Kò pẹ́, ọmọ gùnfẹ̀ gbàà, ó dákẹ́. Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé gan-an mà," ni ìyá kékeré wí. Ìmọ̀ràn gidi nìyẹn.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó pe nọ́ńbà ìyá kékeré yìí, àwọn ìyá yòókù ti dá sí i. Ọ̀kan ní kó máa fún ọmọ lómi nítorí ooru. Òmíràn ní kó ju kánfọ̀ sínú àpò aṣọ ọmọ kí aṣọ má baà rùn. Ẹ̀kẹta mọ àgbo kan tí í ká inú rírun nílẹ̀. Ẹ̀kẹrin ní nígbà tí eyín bá ń bọ̀, kó má ṣe yà á lẹ́nu bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi sọ̀rọ̀, ìfẹ́ kan náà ló wà níbẹ̀, ìdánilójú kan náà sì ni. Ìyá kékeré kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gbé e relé. Ta ló máa bá a ṣà á? Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ká jọ ṣe láàárọ̀ yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé n kò wá bu ẹnu àtẹ́ lu ìmọ̀ràn àwọn ìyá. Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba èèyàn ní í tọ́ ọ. Láyé ìjọ́hun, agboolé ni igba èèyàn yẹn. Lónìí, yàrá kan ní Ìkòròdú tàbí Àgbàdo ni ọ̀pọ̀ abiyamọ wà, ìyá tó bí i wà lọ́nà jíjìn, ọkọ ti jáde láti aago márùn-ún àárọ̀. Tí kò bá sí Ìyá Ìbejì lórí bẹ́ǹṣì, ta ni yóò fi bí ọ̀já ṣe ń dúró lábẹ́ ìdí ọmọ hàn án? Ta ni yóò sọ fún un pé tí orí ọmú bá ń bó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí ọmú nìkan ni ọmọ ń fà, kó jẹ́ kó la ẹnu gbàdà, kó gba apá dúdú ọmú náà mọ́ ọn? Ta ni yóò bá a múra sílẹ̀ fún ẹkún ìrọ̀lẹ́, èyí tí ọmọ oṣù kan sí méjì máa ń sun láìsí ìdí kan tó hàn, tí a ó pọ̀n ọ́n, tí a ó kọrin, tí a ó rìn lọ rìn bọ̀, tí yóò sì tán fúnra rẹ̀? Dókítà kì í ráyè sọ gbogbo èyí. Ẹnu àwọn tó ti ṣe é rí la ti ń gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ìlànà tí mo fẹ́ fún yín kò le. Ìmọ̀ràn tó bá jẹ mọ́ ọwọ́, èjìká, ẹ̀yìn àti ohùn wa, bí a ṣe ń gbé ọmọ, bí a ṣe ń pọ̀n ọ́n, bí a ṣe ń rẹ̀ ẹ́, ẹ máa gbà á lọ́wọ́ àgbà, ẹ dán an wò. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí yóò bá wọ ara ọmọ, ìbáà gba ẹnu wọ̀ ọ́, ìbáà gba imú, ojú, etí, ìwọ́ tàbí awọ ara, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Mo tún un sọ: ohun tí yóò bá wọ ara ọmọ, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Àwọn Yorùbá kúkú ti wí i pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ti máa ń wọlé. Wọ́n á ní kí ẹ fi ọṣẹ ìfọyín sí i kó tètè já. Wọ́n á ní kí ẹ fi omi gbígbóná jó o, tàbí kí ẹ fi ìpara olóòórùn líle kùn ún. Ìwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ojú egbò ni. Ohun tí kò mọ́ tí a bá fi síbẹ̀ lè gbé àrùn wọnú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, ó sì lè fa ìpá, èyí tí ń mú kí àgbọ̀n ọmọ le, tí kò ní lè mu ọmú mọ́. Jẹ́lì kan wà tí wọ́n ń pè ní chlorhexidine, inú túùbù kékeré ló wà. Ọjọ́ tí a bá bí ọmọ gan-an ni wọ́n ti ń fi í pa ìwọ́, títí yóò fi já. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ọjọ́ ìbí tó pé. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo rèé: túùbù yẹn jọ ti oògùn ojú. Àwọn kan ti ṣèèṣì fi í sí ojú ọmọ, ó sì ba ojú ọmọ jẹ́. Ìwọ́ nìkan ni tirẹ̀. Ẹ má ṣe tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ oògùn ojú.

Ó wá kan kánfọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa, nítorí ìmọ̀ràn tí kò jọ ewu rárá nìyí. Kánfọ̀ ni àwọn bọ́ọ̀lù funfun wẹ́wẹ́ tí à ń jù sínú àpótí aṣọ nítorí kòkòrò. Kò gba ẹnu ọmọ wọlé, inú aṣọ lásán ló wà. Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń gba imú wọlé, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní G6PD, òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà yìí kò tó lára wọn láti inú oyún, ọmọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín àwa Yorùbá, kò ṣọ̀wọ́n rárá: nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ni èròjà yìí kò tó lára rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè dàgbà, kó ṣiṣẹ́, kó bímọ, láìmọ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá wọ aṣọ tó ti gbé pẹ̀lú kánfọ̀ fún un nígbà tó wà ní ìkókó, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè máa fọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń fọ́ ni ojú ọmọ ń pọ́n, tí ara rẹ̀ ń pọ́n, títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun nìyẹn. Tí ó bá pọ̀ lápọ̀jù, ó ń wọ ọpọlọ. Ọmọ tó bá yè é lè di adití, ọrùn rẹ̀ lè má dúró, ó lè má lè jókòó títí ayé.

Ẹ wá wò ó báyìí. Aṣọ tí wọ́n sábà máa ń wọ̀ fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìkómọ, aṣọ ìyá àgbà ni, aṣọ tó ti wà nínú àpótí láti ìgbà tí wọ́n bí bàbá ọmọ. Ṣáwùlù funfun, fìlà, sókísì, gbogbo rẹ̀ ń ta òórùn kánfọ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Bí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ fi í pamọ́ fún àgbàlagbà. Aṣọ tí ọmọ yóò wọ̀, kí ó jẹ́ èyí tí kánfọ̀ kò fara kàn rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìpara olóòórùn líle tí a fi ń wo ọ̀fìnkìn, wọn kì í ṣe ohun tí a ń fi pa ìkókó lára. Òrí tàbí àdí àgbọn tó mọ́ ti tó.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Oòrùn àárọ̀ tí wọ́n ní ká máa gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n sí ńkọ́?" Ìbéèrè tó dára ni, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ibà pọ́njú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ọmọ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù ní ilé ìwòsàn. Kódà, ní ilé ìwòsàn ìbímọ Island Maternity ní Èkó, àwọn dókítà dán ìmọ́lẹ̀ oòrùn wò: wọ́n fi ọ̀rá àkànṣe kan bo àgọ́, ọ̀rá náà ń sẹ́ ooru àti ìtànṣán tó lè jó ara ọmọ kúrò, ó ń jẹ́ kí èyí tó wúlò wọlé. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2015, ó sì ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí tiwọn kò tíì le púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nọ́ọ̀sì sì wà nítòsí. Oòrùn ẹnu ọ̀nà wa kò ní ọ̀rá àkànṣe, kò sì sí ẹni tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ níbẹ̀. Nítorí náà, tí ojú ìkókó bá pọ́n, ẹ má dúró de oòrùn, ẹ má fún un ní omi glúkóòsì. Ilé ìwòsàn lẹ ó gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ pé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́ ló ti pọ́n, ẹ sáré.

Ọ̀rọ̀ omi àti àgbo kò gùn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan, kò sí omi, kò sí àgbo. Ẹni tó bá ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ẹ sọ fún un pé omi ló pọ̀ jù nínú wàrà ọmú, ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá lọ. Èyí tó kọ́kọ́ ń jáde, tó ki, tó pọ́n díẹ̀, tí àwọn kan ń fún dànù pé ó ti dọ̀tí, òun gan-an ni ààbò àkọ́kọ́ tí ọmọ ní lọ́wọ́ àrùn. Ẹ má dà á nù.

Oyin ìkómọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibi tó dùn wá nìyí. Àṣà wa ni, oyin, iyọ̀, ataare, obì, orógbó, a kò ní jù ú nù. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kan lè wà nínú oyin tí inú àgbàlagbà lè gbà, tí inú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lè gbà. Ó ń mú kí gbogbo ara ọmọ rọ, tí mímí yóò sì máa nira fún un. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ tọ́ oyin náà wò lórúkọ ọmọ, kí àgbà súre, kí gbogbo ilé ṣe àmín. Ire náà yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ, oyin kò ní dé ọ̀fun rẹ̀.

Ó kan eyín. Eyín máa ń jẹ́ kí itọ́ dà, kí ọmọ máa gé ìka jẹ, kí inú rẹ̀ má dùn. Kò ní fún un ní ibà líle, kò sì ní fún un ní ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ oṣù mẹ́fà, méje, ló ń rákò, ó ń ki ohun gbogbo tó bá rí nílẹ̀ bọ ẹnu. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń wá, eyín kàn ń hù lásìkò kan náà ni. Ewu ibẹ̀ ni pé tí a bá ti di ẹ̀bi ru eyín, a ò ní wá ìtọ́jú fún ibà, ibà yẹn sì lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn. Àwa tí a wà níbí ní ìparí ọdún 2008 kò gbọdọ̀ gbàgbé oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Àwọn ìyá rà á, wọ́n fún ọmọ, ọmọ kò tọ̀ mọ́. Wọ́n wá rí i pé kẹ́míkà kan, diethylene glycol, tí wọ́n ń lò nínú omi tútù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Àjọ NAFDAC kó o kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù: ọmọ tó lé ní 80 ló kú. Eyín ni wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́jú o. Eyín tí yóò hù fúnra rẹ̀.

Bí ọmọ bá wá ń yàgbẹ́ gbuuru lóòótọ́, ohun tó ń pa á ni omi tó ń jáde lára rẹ̀. Ẹ wo àwùjẹ̀ rẹ̀, bóyá ó jìn wọlé. Ẹ wo ojú rẹ̀, bóyá ó jìn, bóyá ó ń sunkún tí omijé kò jáde. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti dì fún pípò mọ́ omi, ló máa mu, pẹ̀lú oògùn síńkì fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, bí nọ́ọ̀sì bá ṣe wí. Síńkì yẹn, ẹ má dá a dúró torí pé ìgbẹ́ ti dá. Bí kò bá sí ORS nílé lóru, ẹ gbé bíírò, ẹ kọ èyí sílẹ̀: omi inú ọ̀rá méjì, pọ̀ wọ́tà aláàádọ́ta sẹ̀ńtílítà, ìyẹn lítà kan. Ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, kó tẹ́jú, kó má ga. Ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, kó tẹ́jú. Ẹ rò ó pọ̀ kó yọ́. Ẹ máa fi ṣíbí bu ú fún un díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi iyọ̀ kún un pé kó lè tètè ṣiṣẹ́, iyọ̀ àpọ̀jù lè pa ọmọ. Bí ọmọ bá ń mu ọmú, kó máa mu ọmú lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù tó sì ti di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù.

Ibà ńkọ́? Ẹ bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ẹ má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Tí ẹ bá fẹ́ lo parasítámọ́ọ̀lù, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí páálí. Èyí tí a ń kán, tó wà fún ìkókó, le ju ti inú ìgò ńlá lọ ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí aládùúgbò bá ní ṣíbí kan lòun fún ọmọ tòun, ṣíbí kan ti èwo? Kò sí ẹni tó ń béèrè.

Bí ibà bá di gìrì, ọkàn gbogbo ilé ló ń já. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn ti ń pọ̀ jù, tó sì ń burú jù. Ẹnìkan á gbé ṣíbí sí i lẹ́nu, eyín ọmọ á kán. Ẹnìkan á ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ẹnìkan á sáré gbé àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, èyí tí ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ tí ó sì lè dá èémí rẹ̀ dúró. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa ti rí ọmọ tó pọ̀ tó jẹ́ pé gìrì kọ́ ló bà wọ́n jẹ́, oògùn gìrì ni. Ohun tó yẹ ká ṣe kéré: ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí itọ́ lè dà jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má ki nǹkankan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kí ẹnìkan máa wá ọkọ̀.

Bákan náà ni ti ọmọ tó ti ń rìn, tó rí kẹrosíìnì nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tó gbé e mu. Epo pupa ni gbogbo àdúgbò ń kígbe pé ẹ fún un. Ẹ má fún un. Epo pupa yóò mú kó bì, tó bá sì ń bì, kẹrosíìnì náà yóò gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kẹrosíìnì nínú ẹ̀dọ̀fóró burú ju inú ikùn lọ. Ilé ìwòsàn ní tààrà. Ó sì tún sàn jù pé kí a má tọ́jú kẹrosíìnì tàbí sódà sínú ìgò ohun mímu láé.

Mo ti sọ ìbẹ̀rù púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ti oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn bẹ́ǹṣì ti ń jẹ́ oògùn gidi. Tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, ẹ̀kọ mímu lásán kò tó o. Sísẹ́ tí a sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú ohun tó ń fúnni lágbára bá èérí rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ bi àwọn ìyá tó ti tọ́ ọmọ bí i mẹ́rin: ọ̀kan ń fi edé lílọ̀ sí i, òmíràn ń fi ẹ̀pà tó lọ̀ kúnná, òmíràn ń fi sóyà. Sóyà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì ti ṣe ògì onísóyà tipẹ́. Ẹ̀wà tí a bó, tí a rún, mọ́ín-mọ́ín rírọ̀, ẹ̀fọ́ tó jinná, epo pupa díẹ̀. Ẹyin náà ńkọ́? Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin yóò máa jalè. Ẹyin tó jinná dáadáa ń kọ́ ara àti ọpọlọ ọmọ, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní olè. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ yín: ẹ má rọ ọmọ. Gbígbé ọmọ dání lórí itan, dídi imú rẹ̀, kí a máa fi àtẹ́lẹwọ́ da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ṣíbí àti sùúrù ni.

Mo fẹ́ sọ ti káàdì tó wà lọ́wọ́ yín lórí bẹ́ǹṣì yẹn, èyí tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, tí wọ́n ń fa ìlà tó ń gòkè lórí rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń lo irú rẹ̀ lónìí. Ṣé ẹ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀? Ìmẹ̀sí-Ilé ni, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ìgbà ìbí, ó ń wọ̀n wọ́n lóṣooṣù. Ohun tó rí ni pé ọmọ kì í kàn dédé rù lóòjọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró lójú kan fún oṣù bíi mélòó kan, kó tó di pé ojú rí i. Ó wá ṣe káàdì tí ìyá lè rí ìyẹn lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀wé. Ó tún ṣe ohun kan tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ò fara mọ́ nígbà náà: ó fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá, kó máa gbé e relé. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé àti Iléṣà sì tọ́jú rẹ̀. Ìyá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò sọ ìwé nù ló fi hàn pé òun mọ iyì ìwé ọmọ òun.

Nítorí náà, káàdì yẹn, ẹ máa kà á. Tí ìlà bá ń gòkè, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ọmọ yín kéré, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Tí ìlà bá dúró lójú kan, ẹ bi nọ́ọ̀sì, kódà bí gbogbo àdúgbò bá ń yìn ín pé ó sanra. Ẹ tún wo ibi abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé abẹ́rẹ́ tán tí ọmọ bá ti gba ti oṣù mẹ́sàn-án. Kò tán o. Abẹ́rẹ́ èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì wà ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi tí wọ́n gún, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló ṣe pàtàkì jù fún mi. Ìmọ̀ràn ń yára rìn, àtúnṣe ni kì í rìn. Ìyá kan á gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì pé kánfọ̀ kò dára, á kó tirẹ̀ dànù, á dákẹ́. Àwọn mẹ́ta tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún pé kí wọ́n lò ó, kò ní padà sọ fún wọn. Ojú ń tì í. Kò yẹ kó tì í. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ti dàgbà, tí àwọn kékeré ń wò lójú. Ẹ ronú sẹ́yìn, ta lẹ ti fún ní ìmọ̀ràn tó wọ ara ọmọ? Ẹ pè é lórí fóònù lónìí. Ẹ sọ fún un pé, "Ọ̀rọ̀ tí mo bá ọ sọ nípa kánfọ̀, nípa epo pupa, nípa àgbo gìrì, mo ti gbọ́ èyí tó dára ju ìyẹn lọ. Jọ̀ọ́, má lò ó mọ́." Ìpè ìṣẹ́jú méjì ni, ó sì lè gba ọmọ kan là.